Ẹyìn Tí A Ti Sè Kì Í Dúró De Àgádágodo

Ìfúnpo Màmá,
Ajue, nítòsí Ore.
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Ìbùkún mi, ọmọ Màmá Ajue,

Láti ọjọ́ tí o ti pè mí láti Àkúrẹ́ pé, "Dádì, wọ́n ti gbà mí o! Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kọ àbádòfin fún Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ni!", ẹnu mi kò tíì padé. Bí mo bá dé Ore láti ra bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì, màá sọ ọ́. Bí mo bá ń ra búrẹ́dì, màá sọ ọ́. Ọlọ́kadà tó gbé mi bọ̀ lánàá ní, "Bàbá, ẹ ti sọ fún mi nígbà tí à ń lọ." Mo ní kò burú, kí ó gbọ́ ti àbọ̀ náà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdùnnú nìkan ló mú mi jókòó kọ̀wé. O sọ fún mi pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé lé ọ lọ́wọ́ ni àbádòfin lórí omi, èéfín àti iná àwọn oníṣòwò, àti pé àwọn ìfúnpo àti ibi ìlagi ló ṣíwájú nínú rẹ̀. Mo ṣe àṣìṣe, mo sọ ọ́ sókè nígbà tí àwọn obìnrin ń se ẹyìn. Kí n tó mọ̀, Ìyá Fúnkẹ́ ti dúró sí iwájú mi. O mọ Ìyá Fúnkẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ lo fi ṣe ilé nígbà tí ìyá rẹ ń kọ́ni ní Odigbo. Ó ti wà ní ìfúnpo yìí kí n tó dé, níbi tí a ti ń fún epo pupa, tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń jẹ, tí wọ́n sì ti rán ọmọ níléèwé. Ó ní, "Bàbá Ìbùkún, ọmọ wa ló ń kọ òfin. Ẹ kọ̀wé sí i, kó kọ Ajue kúrò níbẹ̀."

Mo ní màá kọ̀wé. N kò sọ ohun tí màá kọ. Ní ìrọ̀lẹ́ yìí ló ń bọ̀ wá gbọ́ ọ, kí n tó fi ránṣẹ́.

O lè béèrè pé kí ló dé tí n kò fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, èmi tí wọ́n gbé lọ sí òkè òkun ní kékeré, tí mo padà wá ní géńdé tí n kò lè kí àgbà ní àkíyè. Ìdí iná Màmá, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ni ìfúnpo yìí, ni mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ, Yorùbá tó ní Ìkálẹ̀ nínú ni Màmá sì fi kọ́ mi. Bí mo bá ṣi àmì ohùn, rẹ́rìn-ín, kí o máa kà á lọ.

Èkíní, ọmọ mi: má ṣe torí ohun tí kò tíì dé gbàgbé ohun tó wà nílẹ̀.

Nígbà tí mo ti òkè òkun dé, kì í ṣe epo pupa ni mo tìtorí rẹ̀ wá. Ọ̀dà ilẹ̀ Agbabu, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe títì, ni mo tìtorí rẹ̀ wá. Mo ti kàwé nípa òkúta àti ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀, gbogbo ènìyàn sì ń sọ pé wọn ò ní pẹ́ wa ọ̀dà náà, pé ilẹ̀ wa yóò kún fún iṣẹ́. Mo lọ ṣẹ́ẹ̀tì mi, mo gun ọ̀kadà lọ sí Agbabu lọ wo ibi tí màá ti di ọ̀gá. Ìyá àgbà kan jókòó síwájú ilé, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́. Ó wo bàtà mi, ó wo ojú mi, ó ní, "Ọ̀dà lo wá wò?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O káre. Bàbá mi wò ó. Ọkọ mi náà wò ó. Wò ó dáadáa."

Ó padà sórí ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Mo wò ó dáadáa lóòótọ́. Mo sì dúró dè é títí ṣẹ́ẹ̀tì fi gbó. Ní gbogbo ìgbà tí mo ń dúró yẹn, Màmá ló ń bọ́ mi, epo tí ó ń fún ní Ajue ló sì fi ń bọ́ mi. Mo ń jẹ iṣu àti epo níbi iṣẹ́ tí mo rò pé ó kéré sí mi.

Wàá rí àwọn tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ohun ńlá tó ń bọ̀ ní Àkúrẹ́. Ìwé irú ohun bẹ́ẹ̀ máa ń dùn ún kọ, nítorí kò sí ẹni tí yóò jáde wá sọ pé o ṣì í kọ. Ẹni tí òfin rẹ yóò kọ́kọ́ bá ní àárọ̀ ni obìnrin tó ń se ẹyìn, ẹni tó ń jó irin ní oríta Ore, àti ẹni tó ń ta ẹja inú yìnyín fún àwọn awakọ̀ Benin. Kọ ọ́ bíi pé o rí ojú wọn.

Ẹ̀kejì, kí o tó kọ òfin tuntun, béèrè èyí tó ti wà.

O mọ̀ pé òkè odò ni ìfúnpo wa wà, ìsàlẹ̀ odò kan náà ni ilé àdúrà Wòlíì. Omi tí a bá fi yọ epo, tí ó kù tí ó ṣú, tí ó sì ń rùn, inú odò ni à ń dà á sí láti ayé Màmá. Omi yìí kan náà ni àwọn ará ilé àdúrà ń pọn, inú rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣe ìrìbọmi. Báwo ni wọn kò ṣe bá ara wọn jà? Agogo ni. Bí àwọn Wòlíì bá fẹ́ wọ odò, wọn yóò lu agogo létí omi. Ẹni tó bá di korobá mú ní ìfúnpo yóò gbé e kalẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe tán, wọn yóò tún lù ú. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sínú ìwé. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún mi pẹ̀lú, nítorí kò wá sí wọn lọ́kàn pé àgbàlagbà kan lè wà tí kò mọ̀ ọ́n.

Èmi rò pé Ọlọ́run ni wọ́n ń fi agogo náà pè. N kò mọ̀ pé àwa náà ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo fẹ́ fi han Màmá pé mi ò yọ̀lẹ. Agogo dún, mo dunnú, mo ní ẹ̀mí mímọ́ ń bọ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í da omi ẹ̀yìn epo, korobá lórí korobá. Nígbà tó ṣe, mo rí wọn tí wọ́n ń gun òkè bọ̀ ní ìlà. Sútánà funfun báláú, ṣùgbọ́n olúkúlùkù wọn ní òrùka epo pupa kan yí ìbàdí ká, ibi tí omi mu wọ́n dé. Wòlíì ló ṣíwájú. Kò bínú, èyí ló bà mí lẹ́rù.

Ó ní, "Òyìnbó."

"Sà."

"Funfun ni Ẹ̀mí fi hàn mí. Ta ló fi àmúrè pupa sí i?"

Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí òkìtì ẹyìn. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán ló dá ẹjọ́: èmi ni màá fọ gbogbo rẹ̀. Mo fi ọṣẹ ilé ìtajà fọ̀ ọ́, epo náà kàn ń rìn kiri ara aṣọ ni. Màmá wá fún mi ní ọṣẹ dúdú tí wọ́n fi eérú ìdì ẹyìn àti àdín ṣe. Ọ̀pẹ ló bà á jẹ́, ọ̀pẹ náà ló tún un ṣe. Wòlíì a máa wá wo ibi tí mo bá a dé, a na aṣọ sókè sí oòrùn, a ní, "Ọmọ yìí, àmúrè mi ṣì wà níbí o." Títí ó fi kú, Alámùúrè ló ń pè mí. Bí mo bá ń rántí ìgbà yẹn, òórùn ọṣẹ dúdú àti aṣọ tútù ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi nímú.

N kò ní parọ́ fún ọ, agogo yẹn kò wẹ odò mọ́. Àkókò ló kàn fi pín ìdọ̀tí. Ṣùgbọ́n wọ́n pa á mọ́ láìsí ọlọ́pàá, nítorí ẹni tó wà lókè mọ ojú ẹni tó wà nísàlẹ̀. Nítorí náà, ìlú tí wọ́n bá rán ọ dé, bi wọ́n léèrè pé, irú agogo wo ni ẹ ní níbí? Bí o bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìdajì iṣẹ́ ti parí.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn jù, nítorí náà mu omi díẹ̀ kí o tó kà á.

Àwọn òṣìṣẹ́ kan wá láti ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ìgbà tí ẹyìn pọ̀ jù lọ́dún ni wọ́n wá. Inú mi dùn, mo ní mo ti rí ẹni tí màá bá sọ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi ni mo mú wọn kiri, èmi ni mo ń na ọwọ́ síbí, tí mo ń na ọwọ́ sọ́hùn-ún, tí mo ń ṣàlàyé bí odò ṣe ń bàjẹ́, bíi pé ìdánwò ni wọ́n wá ṣe fún mi. Etí títì ni wọ́n dúró sí, nítorí bàtà wọn. Ẹnì kan nínú wọn gbìyànjú ẹsẹ̀ kan sínú àgbàlá, ó yára fà á padà. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ nípa odò yẹn, Ìbùkún, òtítọ́ ni. Fi èyí sọ́kàn pẹ̀lú. Wọn kò purọ́ mọ́ wa.

Wọ́n wá mú ẹ̀wọ̀n àti àgádágodo jáde.

Màmá ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bá ẹyìn lórí iná. Ẹ jẹ́ kí a fún un tán. Ẹ padà wá lọ́la, èmi fúnra mi yóò bá yín di ẹ̀wọ̀n mú."

Ọ̀gá wọn ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Òní ni wọ́n kọ sínú ìwé."

"Ta ló kọ ọ́?"

"Àwọn ọ̀gá ni, ní Àkúrẹ́."

"Ṣé wọ́n ti se ẹyìn rí?"

Màmá wá pa òwe tí àwọn ènìyàn máa ń fi ṣeré, ṣùgbọ́n kò fi ṣeré lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Epo ni mo rù o, oníyangí, má ba tèmi jẹ́."

Wọ́n tì í. Ìwọ tí wọ́n tọ́ dàgbà níbí mọ ohun tó kàn. Ẹyìn tí a ti sè kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ooru mú un, ó kan, ó hó, ìdin bọ́ sí i, òórùn rẹ̀ gba títì. Nígbà tí Màmá ti tọrọ gáfárà káàkiri tí wọ́n sì wá ṣí ilẹ̀kùn, àgbá tí ó kún fún oúnjẹ ènìyàn ti di ohun tí ẹlẹ́dẹ̀ kò lè jẹ. Kí ni kí wọ́n ṣe sí i? Àwọn obìnrin fi ìbínú yí gbogbo rẹ̀ sínú odò lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹja léfòó, wọ́n da ikùn funfun sókè. Wòlíì kò lu agogo, nítorí kò sí ẹni tí yóò wọ omi náà.

Òfin tí wọ́n fi fẹ́ gba odò là ló pa ẹja odò. Mo jókòó sí etí omi, Gẹ̀ẹ́sì tán lẹ́nu mi.

Nítorí náà, bí ó bá di ibi tí wọ́n ti ń sọ ẹni tó lè ti ilé iṣẹ́ pa àti ìgbà tó lè tì í, fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́, má jẹ́ kí wọ́n sáré kọjá níbẹ̀. Kọ ọ́ pé kí wọ́n kọ́kọ́ wá wò. Kí wọ́n wá sọ ohun tí ènìyàn yóò tún ṣe, kí wọ́n sì fún un láyè tó lè fi ṣe é. Bí wọ́n bá máa tì í, àfi bí ohun tó ń tú jáde níbẹ̀ bá ń pa ènìyàn lọ́wọ́, kí wọ́n má ṣe tì í nígbà tí ẹyìn wà lórí iná, tí ẹja wà nínú yìnyín, tí búrẹ́dì wà nínú ààrò. Kì í ṣe pé kí o ṣàánú oníṣòwò jù. Odò gan-an ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Èwo ló kàn? Ẹ̀kẹrin. Ti iná.

Nígbà tí òpó iná dé Ajue, èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ dídùn mú Màmá ta ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà máa ń wúkọ́ bí arúgbó, èéfín rẹ̀ sì ti wọ àyà Màmá, òun náà ń wúkọ́. Mo ra mọ́tò oníná tí yóò máa yí ẹ̀rọ ìfúnpo dípò rẹ̀. Ọjọ́ tí a tan án, Wòlíì gbàdúrà, ohùn mọ́tò náà tutù bí ti oyin. Ìyá Fúnkẹ́ ní, "Ẹ wò ó, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́ bí ìyàwó tuntun!" Kò pẹ́ sí i, iná lọ, ó sì wá dákẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹyìn ti jinná. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ọ pé kì í dúró. A wọ́ odó àtijọ́ jáde, gbogbo ènìyàn ṣán aṣọ, ó di gbì, ó di gbì. Orin ń lọ, òógùn ń lọ. Olùkọ́ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé láti Èkìtì wá sí Odigbo wá ra epo lọ́jọ́ náà. Ìyá Fúnkẹ́ kò tilẹ̀ kí i, ó na ọmọ odó sí i: "Tíṣà, ẹni tó bá fẹ́ epo lónìí á gún un." Olùkọ́ náà bọ́ bàtà, ó gún un. Ọwọ́ rẹ̀ bó. Ó tún padà wá lọ́sẹ̀ kejì, ó ní epo tán. N kò rò pé epo lè tán kíákíá bẹ́ẹ̀ nílé ẹnì kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n n kò béèrè. Bí mo ṣe pàdé ìyá rẹ nìyẹn. Bí o bá ń wá ẹni tí yóò bú iná tó lọ lọ́jọ́ yẹn, má wá sọ́dọ̀ mi.

Síbẹ̀, a tún padà ra ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì, èyí tó tún ń wúkọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Mo gbọ́ pé ìpínlẹ̀ lè ṣòfin iná tirẹ̀ báyìí, àti pé ẹ ó kọ nípa ariwo àti èéfín jẹnẹrétọ̀. Ó dára, ẹ kọ ọ́. Àyà Màmá jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kankan ní oríta Ore tó fẹ́ràn jẹnẹrétọ̀. Ẹni tó ń jó irin níbẹ̀ sọ fún mi pé, "Bàbá Ìbùkún, bí iná bá lè dúró láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, èmi ni màá kọ́kọ́ sin nǹkan yìí, màá sì ṣe òkú rẹ̀." Má ṣe gba ọ̀pá lọ́wọ́ ẹni tó ń tiro kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó san. Bí ẹ bá sì ń kọ ìtanràn fún ẹni tó ń tú èéfín, ẹ kọ ìtanràn fún ẹni tó gba owó iná tí kò gbé iná wá. Apá méjèèjì ni kí ọ̀bẹ òfin yín mú.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tí Ìyá Fúnkẹ́ rán mi.

Nígbà tí ó ní kí o kọ Ajue kúrò, mo bi í pé, "Ìyá Fúnkẹ́, bí a bá kọ wá kúrò, ṣé odò ò ní mọ̀?"

Ó ní, "Odò ò kàwé."

Mo ní, "Ẹ̀yin náà ẹ ò kúkú jẹ́ kí n gbẹ́ kòtò." Kòtò yìí, o mọ̀ ọ́n, èmi àti òun ti fà á títí. Mo fẹ́ gbẹ́ ihò tí omi ẹ̀yìn epo yóò máa sinmi sí, láti inú ọ̀kan bọ́ sí ìkejì, kí ìdọ̀tí lè rọ̀ sísàlẹ̀ kí omi tó dé odò. Ibi tó tẹ́jú kan ṣoṣo tó gba kòtò náà ni ibi tí ó ń sá ekùrọ́ sí láti ayé Màmá. Lọ́dọọdún ni mo ń béèrè. Lọ́dọọdún ló ń ní, "Tó bá di àmọ́dún."

Nítorí náà, Ìbùkún, èsì mi nìyí, mo sì fẹ́ kí Ìyá Fúnkẹ́ gbọ́ ọ láti ẹnu mi: má kọ Ajue kúrò.

Wọ́n ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Ìwọ ni yóò máa gbé e, èmi ni yóò máa gbà á. Bí o bá yọ wá, onífúnpo Odigbo yóò wá ẹni tí yóò yọ òun náà, onílagi Ore yóò wá tirẹ̀. Òfin yóò wá ṣẹ́kù fún ẹni tí kò bímọ sí Àkúrẹ́ nìkan. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ ìfúnpo síwájú yín, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ lanu, kí o ní, "Bàbá mi ní ìfúnpo ní Ajue." Bí wọ́n bá ní kí o dìde kúrò níbẹ̀, dìde. Bí wọ́n bá ní kí o jókòó, kọ tiwa bí o ṣe kọ ti ẹni tí o kò mọ̀ rí.

Ohun tí o lè sọ ní gbangba, láìtijú, wà. Sọ fún wọn pé kí òfin bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹyìn bá wọ́n, tí ọwọ́ àwọn ènìyàn bá dilẹ̀ láti gbẹ́lẹ̀. Sọ fún wọn pé kí wọ́n ka kòtò tí a fi ọkọ́ gbẹ́ sí kòtò, kí wọ́n má ṣe ní àfi èyí tí a fi sìmẹ́ńtì mọ bíi ti ilé iṣẹ́ ńlá. Kí wọ́n sì wá gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn obìnrin fúnra wọn, nítorí ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí gbogbo rẹ̀ bá parí, tí òfin tí o kọ dáadáa bá sì ti ìfúnpo yìí pa, màá sunkún. Mo sọ fún ọ tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ Màmá ṣì wà lára ilẹ̀kùn yìí, ibi tó máa ń dì mú bó bá ń wọlé. Ṣùgbọ́n n kò ní bínú sí ọ.

Àwọn ohun kéékèèké kù. Jẹun kí o tó lọ sí ìpàdé. Ìwọ àti ebi kì í bá ara yín ṣọ̀rẹ́, ẹnu rẹ a sì máa mú. Má pa àdúrà àárọ̀ tì. Máa kí awakọ̀ kí o tó kí ọ̀gá. Pe ìyá rẹ, ó ní èmi nìkan lo ń pè.

*

Mo dúró níbẹ̀ nítorí Ìyá Fúnkẹ́ dé. Mo ti kà á fún un tán báyìí, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín níbi àmúrè Wòlíì. Níbi ẹyìn tó bàjẹ́, ó bojú wolẹ̀. Nígbà tí mo kà á dé òpin, ó gbójú sókè.

Ó ní, "Ṣé ohun tí mo ní kí ẹ kọ nìyẹn?"

Mo ní, "Rárá."

"Mo gbọ́ orúkọ mi níbẹ̀."

"N kò bú yín."

"Ẹ ní èmi ni mi ò jẹ́ kí odò mọ́."

"N kò sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá Fúnkẹ́. Mo ní ekùrọ́ yín wà lójú ibẹ̀."

Ó mí kanlẹ̀. "Ta ló pọn ọmọ tí ẹ ń kọ̀wé sí yìí?"

"Ẹ̀yin ni."

"Tó bá tọ̀ sí mi lẹ́yìn, ṣé mo sọ ọ́ kalẹ̀ kí n máa lọ?"

"Rárá o."

"Ṣé mo wá ń pọ̀n ọ́n kiri nínú ìtọ̀ náà?"

"Rárá."

"Mo wẹ̀ ẹ́ ni. Mo sì tún un pọ̀n. Ẹ kọ ìyẹn sí i, kí ó fi han àwọn ọ̀gá rẹ̀."

Mo ti kọ ọ́, Ìbùkún. Fi hàn wọ́n. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ irú rẹ̀ nínú òfin, ìwọ lo lọ kọ́ ìyẹn. Gbogbo ohun tí mo fi ìwé gígùn yìí wá ni obìnrin náà fi ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ọmọdé sọ.

Ó dìde, kò kí mi pé ó dàárọ̀. Mo rò pé ó bínú. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí wọ́n ń wọ́ tapólínì nílẹ̀, tí ekùrọ́ ń dún wàràwàrà lórí rẹ̀. Mo yọjú lójú fèrèsé. Ó ti tẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn rìn, ó ń fa ekùrọ́ rẹ̀ kúrò níbi tó tẹ́jú yẹn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Ó rí mi.

Ó pariwo, "Kò gbọdọ̀ jìn ju ìbàdí mi lọ o! Ẹ gbọ́? Mi ò fẹ́ kí ọmọ ẹnikẹ́ni já sí i!"

Ọ̀la la ó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹyìn bá wọ́n, tí ìgbìmọ̀ yín bá fẹ́ rí bí ìfúnpo ṣe rí kí wọ́n tó gbé òfin lé e lórí, mú wọn wá. Kí wọ́n má dúró sí títì. Sọ fún wọn kí wọ́n wọ bàtà tí wọn kò ní bẹ̀rù pé kó pọ́n.

Èmi ni,
Dádì rẹ, Alámùúrè.